Ìran tí Akọ̀wé Kò Kọ

Bí o bá dé òpópónà wa ní Ìgàndò tí o ní ilé Olúgbénga Adéríbigbé lò ń wá, wọn á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Bàbá Akọ̀wé, ọmọdé pàápàá á nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó níwájú adájọ́, kí ó máa kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣépè, á kọ èpè. Bí ó bá sunkún, á kọ ọ́ pé ó sunkún. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Òfin yìí di bárakú fún un débi pé bí Tòún ìyàwó rẹ̀ bá ní òun ti ń pè é láti àárọ̀, á wo aago, á ní kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó nira láti bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbélé. Tòún bá a gbé e, Ọlọ́run ni yóò san án fún un.

Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ kò jìnnà sílé. Ilé àdúrà kékeré kan ni, ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù lẹ́sẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Nínú ìjọ yìí, bí ẹ̀mí bá gbé aríran tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé aríran fúnra rẹ̀ kì í mọ ohun tí ó sọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀. Ta ni wọn ì bá fi ṣe akọ̀wé ìran bí kò ṣe akọ̀wé kóòtù? Bí ìsìn bá parí, Bàbá Akọ̀wé á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ya bébà pélébé pélébé, á kọ ti oníkálùkù fún un: ẹni tí yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí yóò tan àbẹ́là méje, ẹni tí yóò lọ bẹ ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sì ń fi ṣe fáàrí díẹ̀.

Aríran tí ẹ̀mí máa ń gbé jù nínú ìjọ náà ni Àyìnkẹ́, telọ tó ń rán sùtánà fún gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún méje báyìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Àyìnkẹ́ nígbà náà. Ọmọ méjì ló bí, Ṣeunfúnmi, ọmọ ọdún méjìlá, àti Olúwadọ̀tun, ọmọ ọdún márùn-ún. Kété tí ó bí Dọ̀tun ni àìsàn kan dé sí i. Kò sùn mọ́, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ń bẹ̀rù àwọn aládùúgbò tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde. Ọsibítù ìjọba ni wọ́n gbé e lọ, dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ara rẹ̀ sì yá. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wà dáadáa, tó ń ránṣọ, tó ń dá àpárá, tó ń mú àwọn ọmọ lọ síléèwé. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àìsàn náà mọ́. A kì í ka oókan, eéjì, eéta lójú ẹni tó ní ọmọ ìka mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ọdún mẹ́rin náà, ẹ̀mí gbé Àyìnkẹ́. Ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, láàárín rẹ̀ ni ó ti ní kí ìránṣẹ́ náà, ìyẹn òun Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé oògùn ọmọ aráyé mọ́. Bàbá Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó fún un ní bébà tirẹ̀, Àyìnkẹ́ kà á, ó ká a sọ́wọ́, kò sì lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù náà. Àyìnkẹ́ kì í bá bébà jiyàn. Bí bébà bá ní ààwẹ̀ mẹ́ta, kì í gba méjì. Gbogbo wọn ló lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, láti ọdún tó ti dé ìjọ.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìran Àyìnkẹ́ ti pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ní gbogbo ìsìn ni ẹ̀mí ń gbé e. Ìjọ ń yọ̀, Bàbá Akọ̀wé sì ń yọ̀ jù wọ́n lọ, nítorí pé ìwé méjì ti kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Ó dé ilé, ó ń ròyìn fún Tòún pé arábìnrin náà kò tilẹ̀ sùn mọ́, pé àdúrà ló fi ń ṣe oorun. Tòún bi í léèrè pé ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ márùn-ún, ṣé ìran ló ń rí ni àbí oorun ló ń wá a kiri. Bàbá Akọ̀wé ní obìnrin kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Tòún lọ bu oúnjẹ sínú àwo méjì fún àwọn ọmọ Àyìnkẹ́, nítorí pé òun ti ṣàkíyèsí pé aṣọ iléèwé Dọ̀tun kò rí ọṣẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni Ṣeunfúnmi wá. Tòún ti lọ sí Ìkọ̀tún. Ọmọ náà ṣì wọ aṣọ iléèwé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àga. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ nǹkan kan sínú ìwé ìran. Bàbá Akọ̀wé bi í pé kí ni.

"Kí ẹ kọ ọ́ pé Ẹ̀mí ní kí mọ́mì mi padà lọ gba abẹ́rẹ́ wọn."

Bàbá Akọ̀wé béèrè ìsìn tí Ẹ̀mí ti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun kò rántí. Ṣeunfúnmi ní Ẹ̀mí kò tíì sọ ọ́. Ó wá ń ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ kan yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Mọ́mì kì í sùn mọ́. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ àwọn oníbàárà mẹ́ta sí wẹ́wẹ́ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé Dọ̀tun dúró síbi fèrèsé kí ó máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀, bí ọmọ náà bá jókòó, wọ́n á gbá a létí. Òun ti bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí nínú bébà.

"Tí ẹ̀yin bá kọ ọ́, wọ́n á ṣe é, sà. Ẹ̀yin náà ṣá lẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Tí ẹ bá fún wọn ní bébà yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ò ní tì wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá Akọ̀wé. Ó dà bí ẹni pé ọmọdé ń pè é ní ẹlẹ́rìí èké. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, nítorí pé kì í ṣe oníbínú, ó ní, "Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ." Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ gbàdúrà. Ó gbàdúrà gan-an, àdúrà tó gùn, ó sì fún un ní búrẹ́dì kó mú lọ fún àbúrò rẹ̀.

Kó wà ní àkọsílẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí, pé ó lè pe Olùṣọ́, ìyẹn olórí ìjọ. Ó lè sọ fún Tòún nígbà tó bá dé. Ó lè wọ bàtà kó tẹ̀ lé ọmọ náà délé lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Kò ṣe ọ̀kankan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o, ó kàn ní títún orí ọmọ ṣe kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gba òun fún.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ti ń kọrin lọ́wọ́, Ṣeunfúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n títí, ó ṣubú sílẹ̀ ní iwájú pẹpẹ, ó kígbe mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ó ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó ní báyìí ni Ẹ̀mí wí, kí ìyá tó ń ránṣọ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó lọ gba abẹ́rẹ́, kí ó gbà á lóṣooṣù, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Bàbá Akọ̀wé wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń wò ó. Ó rí i tí ọmọ náà la ojú kan, tí ó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń kọ ọ́, tí ó sì tún pa ojú náà dé kíá.

Olùṣọ́ béèrè bóyá ó ti kọ ọ́. Bàbá Akọ̀wé dìde dúró.

"Kì í ṣe Ẹ̀mí, Olùṣọ́. Mi ò lè kọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán, òun tí kì í yọ nínú ọ̀rọ̀. Kò sọ pé ọmọ náà ti wá bá òun lọ́jọ́rú, nítorí pé bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò bi í pé kí ló wá ṣe sí i. Olùṣọ́ ní kí Ṣeunfúnmi dìde, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ó purọ́ mọ́ Ẹ̀mí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó wo Bàbá Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan péré, kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n má bínú lọ. Olùṣọ́ kì í ṣe ìkà èèyàn, kò nà án. Ó kàn ní kí ó bọ́ sùtánà, kí ó máa jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méje.

Ìyá rẹ̀ ni kò dárí jì í. Gbogbo ohun tí Àyìnkẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ inú òun pe òun ní wèrè lójú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú irọ́, lórúkọ Ọlọ́run. Pẹ̀lú bí orí rẹ̀ ṣe wà nígbà náà, kò pẹ́ tí ó fi gbà pé ọ̀tá ló ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun. Kò jẹ oúnjẹ tí Ṣeunfúnmi bá sè mọ́, bẹ́ẹ̀ Ṣeunfúnmi nìkan ló ń se oúnjẹ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ mú Dọ̀tun níléèwé. Tíṣà gbé ọmọ fún un, ìyá ọmọ ṣá ni. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń rìn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí wọn lábẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá, ẹsẹ̀ Dọ̀tun ti bó, ibà ti dá a dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọsibítù gba Àyìnkẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ara Dọ̀tun yá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Àyìnkẹ́ sì wá kó àwọn ọmọ. Tòún bẹ̀ ẹ́ títí kí ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí ìyá wọn yóò fi gbádùn. Ọkùnrin náà ní ohun tí àwọn ará ìjọ ti ṣe tó. Ó mú Dọ̀tun lọ sí Ìbàdàn, ó fi Ṣeunfúnmi sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Gowon Estate, kí ó máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Láti ibi tó ti ń tọ́jú ìyá àti àbúrò, wọ́n mú un lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Kò kọjá kíláàsì kẹta ní girama. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó dì mọ́ Tòún, ó sì gba iwájú Bàbá Akọ̀wé kọjá bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé dá ìwé ìran padà fún ìjọ lóṣù náà. Ó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Àyìnkẹ́ gbádùn, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò pa abẹ́rẹ́ jẹ mọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù nínú yàrá náà. Ìgbàkígbà tí Bàbá Akọ̀wé bá gba ìta rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà tí ó máa ń sọ fún ara rẹ̀: bí òun tilẹ̀ kọ ọ́ ńkọ́? Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára jù, kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ń rọ̀ mọ́ fún ọdún méje. Òun náà ló mú kó ṣeé ṣe fún un láti jẹun.

Ẹ má rò pé ó jókòó lásán o. Ní òpópónà kejì sí tiwa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Goodluck, tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Hope àti Promise, ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n tó ṣí ìwé, á kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n sùn, ta ló se oúnjẹ, báwo ni dádì wọn ṣe wà. Ó ti sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn láìfi bò, ó ti sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn ló fà á. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé wọn. Ní ọjọ́ kan, Hope, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wò ó lójú, ó ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín láti máa bi ọmọdé ní irú ìbéèrè yìí? Àwọn àgbà yòókù kì í béèrè." Tòún, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú náà, rí i tí Bàbá Akọ̀wé gbé àwo oúnjẹ tì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ́dọ̀ Àyìnkẹ́. Ó ní òun wá wọn aṣọ. Àyìnkẹ́ gbé téèpù, ó ń wọn èjìká rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí pé kò ní láti wo ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ náà wá, ohun tó béèrè, ohun tó ní kò ní jẹ́ kí ojú ti mọ́mì òun, àdúrà tí àwọn gbà, búrẹ́dì. Ọwọ́ Àyìnkẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó kọ́kọ́ wá bá yín ní kọ̀rọ̀?"

"Ó wá."

"Bàbá Akọ̀wé, tí ẹ bá kọ ọ́, ọjọ́ Ajé ni ǹ bá lọ. Ẹ mọ̀ mí. Kí ni ẹ kọ rí tí mi ò ṣe?"

Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ti fi ń tu ara rẹ̀ nínú wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Àyìnkẹ́ jókòó sórí àpótí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pariwo, kò bú u. Ó ní Dọ̀tun ti fún òun ní nọ́ńbà Ṣeunfúnmi láti bí ọdún méjì, pé ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn báyìí, òun kò sì pè é rí.

"Mo ń dúró kó wá bẹ̀ mí ni. Mo ní ọmọ tó dójú tì mí lójú ìjọ, òun ló yẹ kó wá bẹ̀ mí. Ọdún méje. Ẹ̀yin sì mọ̀, ẹ ń gba ìta mi kọjá."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èyí tó ṣe nínú ìjọ ni Bàbá Akọ̀wé ti ń ro láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé dídákẹ́ tí òun dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ burú jù ú lọ. Àyìnkẹ́ mú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè pé ta ni.

"Èmi ni. Mọ́mì ẹ."

Wọ́n gbọ́ ariwo àwọn oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan sé, ariwo náà sì dákẹ́.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ oṣù yìí?"

Àyìnkẹ́ ní òun ti gbà á, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà á lẹ́nu. Ṣeunfúnmi dúró de ìyá rẹ̀, kò pa fóònù, ó kàn ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ó tó, pé òun wà níbí. Bàbá Akọ̀wé dìde kí ó fún wọn láyè. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí Àyìnkẹ́ ń sọ pé Bàbá Akọ̀wé wà lọ́dọ̀ òun, pé wọ́n ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó dúró, ó yíjú padà.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni ohùn inú fóònù wí. "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé fóònù fún wọn, mà, ẹ jọ̀ọ́."

Àyìnkẹ́ gbójú sókè wò ó, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Kò ní láti sọ ọ́. Bàbá Akọ̀wé mi orí pé òun ti gbọ́, ó wọ bàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ sọ ti Ọjọ́rú náà fún Tòún.